Bí Òṣìṣẹ́ Ìlera Ìyá àti Ọmọ Ṣe Lè Rí Ìdáhùn Tó Ṣeé Gbára Lé Nínú Ilé Ìkàwé Orí Ayélujára

Ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé. Kìlógíráàmù kan ààbọ̀ ni ó wọ̀n, oṣù rẹ̀ kò pé, ó ń mí fúnra rẹ̀ ṣùgbọ́n èémí náà ń yára. Òṣìṣẹ́ kan ní kí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Èkejì ní rárá, kí wọ́n gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà lójú ẹsẹ̀, kí ara kan ara, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló kàwé, ohun tí ìwé wí ni àwọn méjèèjì sì ń tẹnu mọ́. Ọdún tí a kọ ìwé tí oníkálukú wọn gbẹ́kẹ̀ lé ló yàtọ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí a fi ń kọ́ni ni pé kí ara ọmọ tó kéré balẹ̀ ná kí a tó gbé e lé ìyá láyà. Ní 2021, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn márùn-ún, ní Ghana, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tanzania, dán ọ̀nà méjèèjì wò lára àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀ láti kìlógíráàmù kan, tí kò sì tó 1.8. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n gbé lé ìyá láyà láìdúró, 12 ló kú láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ní kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀, iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ní 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) yí ìlànà rẹ̀ padà, pé kí ìtọ́jú yìí bẹ̀rẹ̀ ní kété tí ó bá ti lè ṣeé ṣe lẹ́yìn ìbí, àyàfi fún ọmọ tí àìsàn rẹ̀ le gan-an, bí èyí tí kò lè mí fúnra rẹ̀ tàbí tó nílò ẹ̀rọ tí yóò máa bá a mí. Ẹni tó di ìwé ọdún 2015 mú, èyí tó ṣáájú ìyípadà yìí, kò purọ́ rárá. Ìwé rẹ̀ ni ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì, dókítà àti òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè. Ìwé pọ̀ lórí ayélujára ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà tán lọ, púpọ̀ nínú àwọn tó dára jù lọ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ tó kù sí wa lọ́wọ́ ni láti béèrè ìbéèrè tó ní orí àti ìdí, kí a mọ ibi tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ kàn, kí a sì ka ọjọ́ tí a kọ ìdáhùn àti ibi tí a ti rí i pẹ̀lú ìṣọ́ra kan náà tí a fi ń ka ìdáhùn fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ ìbéèrè sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù

Ẹni tó bá tẹ “ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé” nìkan sínú àpótí ìwákiri yóò rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé, kò sì ní rí ìdáhùn. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ohun mẹ́rin sí i: ta ni ẹni tí à ń tọ́jú, kí ni a fẹ́ ṣe fún un, kí ni a fi ń wé ohun tí a fẹ́ ṣe yẹn, kí ni a sì ń retí tàbí tí à ń bẹ̀rù. Fún ọmọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹni náà ni ọmọ tuntun tí kò tó kìlógíráàmù méjì. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí a gbé e lé ìyá láyà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a fi ń wé e ni ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru. Ohun tí à ń bẹ̀rù ni ikú, òtútù ara àti àkóràn. Ìṣẹ́jú méjì ni èyí ń gbà, ó sì máa ń gba wákàtí kan là fúnni.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá wo èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé ìkàwé wọ̀nyí, nítorí náà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi wá nǹkan nínú wọn, Gẹ̀ẹ́sì sì ní ju orúkọ kan lọ fún ohun kan. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lè jẹ́ “preterm” nínú ìwé kan, kí ó jẹ́ “premature” nínú òmíràn, kí ẹlòmíràn sì fi ìwọ̀n pè é ní “low birth weight”. Ẹ tún rántí pé àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kì í kọ ọ̀rọ̀ bákan náà: ẹni tó bá tẹ “haemorrhage” nìkan ní ilé ìkàwé tí kò lè fúnra rẹ̀ so ó mọ́ “hemorrhage” yóò pàdánù púpọ̀ nínú ohun tó ń wá lórí ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni “labour” àti “labor”, “paediatric” àti “pediatric”.

Ọ̀nà tí a fi ń so àwọn ọ̀rọ̀ náà pọ̀ kò le. Àwọn orúkọ tó jẹ́ ti ohun kan náà ni a ń fi OR so pọ̀ nínú àkámọ́. Àwọn ohun tó yàtọ̀ síra ni a ń fi AND dè pọ̀. Gbólóhùn tí a kò fẹ́ kí ó tú ká ni a ń fi sínú àmì àyọlò. Gbígbé ọmọ lé ìyá láyà ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “kangaroo mother care” tàbí “skin-to-skin”, “mortality” sì ni ikú. Ìbéèrè wa á wá rí báyìí: (preterm OR premature OR “low birth weight”) AND (“kangaroo mother care” OR “skin-to-skin”) AND mortality. Bí èsì bá pọ̀ jù, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un pẹ̀lú AND. Bí ó bá kéré jù, ẹ yọ ọ̀kan kúrò. Ẹ ṣọ́ra fún NOT, nítorí ó máa ń gbá ìwé rere dànù pẹ̀lú èyí tí a kò fẹ́.

Ìlànà ìtọ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ sí àárín àwọn àpilẹ̀kọ ìwádìí, wọn a sì gbé ìwádìí kan ṣoṣo bí ẹni gbé òfin. Lójú tèmi, ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni ìlànà ìtọ́jú, ìyẹn ìwé tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ti jókòó lé lórí, tí wọ́n ti wọn gbogbo ìwádìí tó wà, tí wọ́n sì sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ìlànà ìjọba orílẹ̀-èdè yín ló ṣáájú, torí òun ló mọ oògùn tó wà àti ohun tí òfin fàyè gbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ilé ìkàwé wọn tó ń jẹ́ IRIS. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìlànà ìtọ́jú aláboyún ti 2016, tó sọ ìpàdé aláboyún pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera di mẹ́jọ ó kéré tán. Ìlànà ìtọ́jú nígbà ìrọbí ti 2018. Ìlànà ìtọ́jú lẹ́yìn ìbímọ ti 2022. Àti ìwé pélébé lórí ìtọ́jú ọmọdé ní ilé ìwòsàn, tí ẹ̀dà rẹ̀ kejì jáde ní 2013.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí a ṣe ń ka ìlànà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Nínú ìwé ìtọ́jú aláboyún yẹn, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín àbá sí: èyí tí a dámọ̀ràn, èyí tí a kò dámọ̀ràn, èyí tí a dámọ̀ràn fún àwọn ibi kan pàtó nìkan, àti èyí tí a kò gbọdọ̀ lò àfi nínú ìwádìí tó múná dóko. Ẹni tó bá ń sáré kàwé á rí orúkọ oògùn nínú tábìlì, á sì rò pé wọ́n ní kí òun lò ó, nígbà tó jẹ́ pé àbá náà ń sọ pé ibi tí àrùn báyìí bá ti wọ́pọ̀ nìkan ni. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbá náà tán, kí ẹ sì ka àlàyé kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí sítẹ́rọ́ìdì kọ́ wa nípa ìwádìí

Bí ìlànà kò bá dá yín lóhùn, tàbí tí ẹ fẹ́ mọ ìdí tó fi sọ ohun tó sọ, Cochrane ló kàn. Àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1993, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti kó gbogbo ìwádìí tó wà lórí ìbéèrè kan jọ, kí ó tú wọn wò, kí ó sì sọ ohun tí àpapọ̀ wọn ń wí. Oyún àti ìbímọ ni iṣẹ́ náà ti ta gbòǹgbò, Iain Chalmers tó ṣáájú ìdásílẹ̀ rẹ̀ sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní kíkó ìwádìí lórí ìtọ́jú aláboyún jọ.

Kódà, àmì ìdánimọ̀ Cochrane jẹ́ ìtàn aláboyún. Àwọn ìlà tó wà nínú rẹ̀ dúró fún àwọn ìwádìí lórí abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tí a ń fún obìnrin tó fẹ́ bímọ kí oṣù tó pé, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó. Àkọ́kọ́ nínú wọn jáde láti New Zealand ní 1972. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dókítà kò lo oògùn náà, nítorí pé ìwádìí kọ̀ọ̀kan kéré, kò sì sí ẹni tó so wọ́n pọ̀. Nígbà tí a so wọ́n pọ̀ tán, ó hàn gbangba pé oògùn olówó pọ́ọ́kú yìí ń dá ẹ̀mí ọmọ sí. Àwọn ọmọ tó ti kú kí a tó ṣe àkójọ yẹn ni mo máa ń rò nígbàkigbà tí ẹnìkan bá ní ìwé kíkà kì í ṣe ara ìtọ́jú.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀, apá tó kù ló sì yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera mọ̀ jù. Ní 2015, ìwádìí kan gbé abẹ́rẹ́ yìí lọ sí agbègbè orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, títí kan àwọn ibi tí síkáànì ṣọ̀wọ́n, tí ìtọ́jú ọmọ tó kéré kò sì pọ̀. Ikú àwọn ọmọ tó kéré jù kò dín kù. Ikú ọmọ tuntun lápapọ̀ ló lé sí i, àkóràn tí wọ́n fura sí lára àwọn ìyá sì pọ̀ sí i. Ní 2020, ìwádìí mìíràn lo oògùn náà ní ilé ìwòsàn 29 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, níbi tí wọ́n ti fi síkáànì mọ ọjọ́ orí oyún dáadáa, tí wọ́n sì lè tọ́jú ìyá àti ọmọ. Níbẹ̀ ni ikú ọmọ tuntun ti dín kù, láti bí 23 tàbí 24 nínú ọgọ́rùn-ún sí bí 20. Oògùn kan náà ni. Ibi tí a ti lò ó ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi to àwọn ohun tó gbọdọ̀ wà kí a tó fún obìnrin ní abẹ́rẹ́ yìí: kí ọjọ́ orí oyún dájú, kí ó ṣeé ṣe gan-an pé yóò bí láàárín ọjọ́ méje, kí àmì àkóràn má sí lára ìyá, kí ìtọ́jú ìbímọ tó péye wà, kí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sì lè rí ìtọ́jú gbà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ṣí àpilẹ̀kọ kan, ẹ má sáré lọ sí ìparí. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti ṣe é, irú ìyá àti ọmọ tó wà nínú rẹ̀ àti ohun èlò tí wọ́n ní lọ́wọ́, kí ẹ sì bi ara yín bóyá wọ́ọ̀dù yín jọ bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń lo PubMed láì sọnù sínú rẹ̀

PubMed jẹ́ ti ilé ìkàwé ìmọ̀ ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà. Ó ti wà láti 1996, ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ní àkọsílẹ̀ àpilẹ̀kọ tó ju mílíọ̀nù 35 lọ. Àkékúrú àpilẹ̀kọ ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Odindi àpilẹ̀kọ tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà nínú èkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ PubMed Central, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Lápá òsì ojú ewé èsì ni àwọn ohun tí a fi ń sẹ́ èsì wà. Ẹ tẹ “Free full text” bí ẹ bá fẹ́ odindi ìwé, kí ẹ tẹ “Systematic Review” bí ẹ bá fẹ́ àkójọ, kí ẹ sì dín ọdún kù sí márùn-ún tàbí mẹ́wàá tó kẹ́yìn.

Ọjọ́ orí náà wà lára ohun tí a lè fi sẹ́ èsì: ọmọ tuntun ni láti ìgbà ìbí títí di oṣù kan, ọmọ ọwọ́ ni láti oṣù kan sí oṣù 23, ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ló tẹ̀ lé e. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀fìn kan. Àmì tí ilé ìkàwé náà fi sí ara àpilẹ̀kọ ni asẹ́ yìí ń lò, àwọn àpilẹ̀kọ kan sì wà tí wọn kò tíì fi àmì sí, tàbí tí wọn kò ní fi sí láé. Bí ẹ bá sẹ́ èsì báyìí tí ohun tí ẹ retí kò hàn, ẹ mú asẹ́ náà kúrò kí ẹ tún un wò. Bí ẹ bá sì ti rí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo tó bá ìbéèrè yín mu gan-an, ẹ wá “Similar articles” lójú ewé rẹ̀. Ọ̀nà yìí máa ń mú mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ìwákiri mi kò lè mú mi dé.

Àkékúrú nìkan kò tó fún ìpinnu lórí aláìsàn. Ẹ wo tranexamic acid, oògùn tó ń dín ìsun ẹ̀jẹ̀ kù. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2017 lórí obìnrin tó lé ní 20,000 fi hàn pé ó ń dín ikú látọwọ́ ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kù. Òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ìyẹn tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ti gbàgbé èyí tó ṣe kókó: láàárín wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ ni àǹfààní náà wà, gíráàmù kan ni a sì ń fún obìnrin láti inú iṣan. Ẹni tó bá ń fi oògùn náà pamọ́ dìgbà tí gbogbo nǹkan yòókù bá kùnà yóò fún un nígbà tí àǹfààní rẹ̀ ti kọjá.

Ẹ tún máa wò bóyá wọ́n ti fa àpilẹ̀kọ náà sẹ́yìn. PubMed máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sókè ojú ewé bí jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tó gbé àpilẹ̀kọ náà jáde, bá ti fagi lé e nítorí irọ́ tàbí àṣìṣe, ṣùgbọ́n fáìlì tí ẹ ti gbà sórí fóònù ṣáájú ìgbà yẹn kò ní sọ fún yín.

Oògùn àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi agbẹ̀bí lẹ́nu ọ̀nà ni èyí: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fún mi ní oògùn yìí, ṣé kí n dá ọmú dúró?” Ọ̀pọ̀ ìyá ni wọ́n ti ní kí wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí ẹ̀rù lásán, nítorí pé ẹni tí wọ́n bi kò mọ ibi tí òun lè wò. Ibi náà ni LactMed, àkójọ àlàyé lórí oògùn àti ọmú fífún ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà lórí NCBI Bookshelf, àkójọ ìwé ti ilé ìkàwé kan náà tó ni PubMed. Ẹ tẹ orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fi tà á. Ẹ ó rí àkópọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, iye oògùn tó ń wọ inú omi ọmú, ohun tí a ti rí lára àwọn ọmọ, ohun tó ń ṣe sí omi ọmú fúnra rẹ̀, àti oògùn mìíràn tí a lè fi rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n tún ojú ewé náà ṣe kẹ́yìn. Ẹ béèrè ọjọ́ orí ọmọ kí ẹ tó dáhùn. Oògùn tí kò ní ṣe ọmọ oṣù mẹ́jọ ní nǹkan lè gba ìṣọ́ra fún ọmọ ọ̀sẹ̀ kan tí oṣù rẹ̀ kò pé.

Bí ilẹ̀kùn bá tì

Ẹ ó dé ibi tí jọ́nà yóò ti máa béèrè owó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi olùtọ́jú ilé ìkàwé yín bóyá ibi iṣẹ́ yín wà lórí Hinari, ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ilé ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti ṣí jọ́nà sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní iye díẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ń forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹnìkan láti ọdún mẹ́ta tí ẹ̀yin kò sì mọ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ níbi iṣẹ́ kan, ó sì dùn mí.

Àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ ìlera lè yà sí àkójọ ìlera ìyá àti ọmọ ti Yunifásítì Georgetown, níbi tí ìwé àtijọ́ ti ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọdé, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912, ti wà pẹ̀lú ìwé òde òní. Òfin àti owó Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń sọ, nítorí náà ọgbọ́n ètò ni kí ẹ mú níbẹ̀.

Fún àwọn tó ń wá iye, ẹ lọ sí ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ wọn jọ ń gbé jáde. Àwọn tó jáde ní 2025 ṣírò pé nǹkan bí 260,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa ní 2023, àti pé ọmọ mílíọ̀nù 4.8 ló kú ní ọdún kan náà kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, tí mílíọ̀nù 2.3 nínú wọn kò sì ju oṣù kan lọ. Ìṣirò ni wọ́n, gbogbo ìgbà tí ìròyìn tuntun bá sì jáde ni wọ́n ń ṣírò àwọn ọdún tó ti kọjá lọ́tun. Ẹ má ṣe mú iye ọdún kan láti inú ìròyìn àtijọ́, kí ẹ mú ti ọdún mìíràn láti inú tuntun, kí ẹ wá sọ pé ikú lọ sókè tàbí ó wá sílẹ̀. Inú ìròyìn kan ṣoṣo ni kí ẹ ti mú méjèèjì.

Bákan náà, bí ẹ bá bi ẹ̀rọ olóye tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù, ẹ má ṣe kọ orúkọ aláìsàn tàbí ohun tó lè fi í hàn síbẹ̀, kí ẹ sì wá gbogbo àpilẹ̀kọ tó bá dárúkọ lórí PubMed kí ẹ tó gbà á gbọ́, nítorí ó máa ń dá orúkọ ìwé tí kò sí láyé sílẹ̀.

Ohun tí ẹ bá rí, ẹ tọ́jú rẹ̀ kó ṣeé rí lóru tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. Ẹ gba odindi fáìlì sílẹ̀, kí ẹ fi ọdún ṣáájú orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tó gbé e jáde, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tó dá lé, bí “2022 WHO ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé”. Bí ẹ bá kọ àkékúrú ìlànà kan tí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìrọbí, ẹ kọ ọdún ìlànà náà àti ọjọ́ tí ẹ wò ó kẹ́yìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Kí ẹnìkan nínú yín gba iṣẹ́ náà ṣe lóṣooṣù, kí ó máa wò bóyá ẹ̀dà tuntun ti jáde, kí ó sì ya ti àtijọ́ kúrò lára ògiri lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni tó bá wá ṣiṣẹ́ òru má baà rí méjèèjì níbẹ̀.